Kí Wọ́n Má Dójú Tì Í

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. A dúpẹ́ pé a jí. Rúùtù 2:14-18 ni kíkà wa.

Ẹnì kan ń ka ọ̀rọ̀ yìí tó jẹ́ pé ìkòkò òfìfo ló jí bá. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ, ó mọ ọjọ́ tí wọ́n ń pín in, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Kí làwọn èèyàn á máa wí? Ìwọ ni mo torí ẹ̀ kọ èyí.

Nínú Léfítíkù 19, Ọlọ́run pàṣẹ pé kí olóko má kórè dé igun oko, kó má sì padà lọ ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀. Ti tálákà àti àlejò ni. Ṣé ẹ gbọ́? Tiwọn ni. Kí Rúùtù, opó tó jẹ́ àlejò láti Móábù, tó mọ ọ̀nà oko Bóásì rárá, ìpín rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ, àárọ̀ ló ti ń pèéṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́.

Àmọ́ àṣẹ tí Bóásì pa fáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń mú mi dákẹ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó pèéṣẹ́ láàárín ìtí ọkà pàápàá, kí wọ́n má dójú tì í, kí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fa díẹ̀ yọ sílẹ̀ fún un. Ìyẹn ni pé kó dà bíi pé ńṣe ló kàn bọ́. Ọkùnrin yìí bọ́ ọ, ó tún bò ó láṣìírí. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ya fọ́tò ẹni tẹ́ ẹ fún lóúnjẹ, mo bẹ̀ yín, ẹ tún ẹsẹ 15 yẹn kà.)

Èmi náà ti tò sórí ìlà rí. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, èyí tí mo fi pamọ́ ti tán. Mo ká báàgì sábẹ́ apá kí ará àdúgbò má baà fura. Nígbà tó kàn mí, màmá tó ń pín in bi mí pé ẹni mélòó la jẹ́ nílé. Mo ní, "Ẹnì kan ló rán mi, mà." Ó wò mí díẹ̀, ó di báàgì náà kún, ó wá rọra ní, "Ẹ bá wa kí ẹni náà o. Ẹ ní ká tún rí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Omijé ni mo fi rìn délé.

Dáfídì, tí Rúùtù jẹ́ ìyá bàbá bàbá rẹ̀, ṣe irú rẹ̀. Nínú 1 Sámúẹ́lì 21, ó ń sá fún Sọ́ọ̀lù ọba, ó tọrọ búrẹ́dì 5 lọ́wọ́ àlùfáà, ó sì parọ́ pé iṣẹ́ ọba lòun ń jẹ́. Ìgbà tó wá jọba, tó gbé àpótí Olúwa wọ Jerúsálẹ́mù, ó pín oúnjẹ kárí, lọ́kùnrin lóbìnrin.

O lè ní, "Ìgbà wo ni màá san án?" Gbèsè kọ́ o. Rúùtù ò sì dúró dìgbà tó fẹ́ Bóásì. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló gbé èyí tó jẹ kù fún Náómì, ìyá ọkọ rẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ, bá wọn to àga, bá àgbàlagbà kan gbé ẹrù délé.

Èmi náà ti wà nídìí tábìlì yẹn báyìí. Ẹnì kan dé láìpẹ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ní wọ́n rán òun ni. Mo di báàgì rẹ̀ kún. Mo ní kó bá wa kí ẹni náà.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, ẹni tí ìtìjú dè mọ́lé láàárọ̀ yìí, fà á lọ́wọ́ dìde. Má jẹ́ kó pàdé ẹlẹ́gàn lọ́nà. Àmín.

Dárí jì wá níbi tá a ti fún ẹni tébi ń pa lóúnjẹ, tá a sì tún tàbùkù rẹ̀. Àmín.

Olúwa, fún àwọn tó ń pín in ní ojú àánú àti ẹnu tútù. Má jẹ́ kó tán lọ́wọ́ wọn. Àmín.

Ọwọ́ tó ń gbà lónìí, Bàbá, jẹ́ kó pẹ́ láyé kó lè fúnni. Máa bò wá láṣìírí, lórúkọ Jésù. Àmín.