Ògiri Sukur tí kò mọ síménẹ́ǹtì

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ ní Gwarinpa, Àbújá)

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìkàlẹ̀. Gbogbo wa la mọ Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ọdún 2005 ni UNESCO kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ìlú kékeré kan ní Adamawa ti wà nínú ìwé náà láti 1999, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Sukur ni, lórí àwọn òkè Mandara, ní ìjọba ìbílẹ̀ Madagali, nítòsí ààlà Kamẹrúùnù.

Hidi ni wọ́n ń pe ọba wọn. Orí òkè ni ààfin rẹ̀ wà, àwọn abúlé wà nísàlẹ̀. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà, òkúta náà ni wọ́n fi mọ ògiri, láìsí síménẹ́ǹtì rárá. Ibí ni mo fẹ́ kí a dúró sí.

Irú ògiri bẹ́ẹ̀, òkúta ńlá ní í wà nísàlẹ̀. Òkúta tó bá gùn ún á jókòó sórí ibi tí méjì ìsàlẹ̀ ti pàdé, wọ́n á wá fi wẹ́wẹ́ há àlàfo. Bí òjò bá rọ̀, omi á wọ àárín rẹ̀, á sì jáde. Ohun tó ń jẹ́ kó dúró nìyẹn. Oko wọn náà kò yàtọ̀: wọ́n gé ara òkè bí àtẹ̀gùn, wọ́n fi òkúta dá ilẹ̀ dúró ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Omi ń kọjá, ilẹ̀ kò bá a lọ. Nínú agboolé, wọ́n gbẹ́ ilé ẹran wọ inú ilẹ̀, wọ́n sì fi òkúta yí i ká. Àwọn kan, àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá, máa ń wí fún mi pé abà lásán ni gbogbo èyí. Mi ò gbà. Ẹni tó mọ ibi tí omi yóò gbà mọ ilé kọ́.

Alága ti ń fi aago hàn mí, n ó sáré. Sukur yọ́ irin nígbà kan. Ẹ̀yin ọmọ alágbẹ̀dẹ mọ ẹwìrì, àwókù iléru ṣì wà níbẹ̀. Ní December 2014, Boko Haram dáná sun ilé wọn, ààfin pàápàá fara gbá a. Àwọn ará ibẹ̀ padà, wọ́n tún un ṣe.

Ibi tí mo dé nìyí tí ìyá kan fi nawọ́ sókè: “Olùkọ́, ilé amọ̀ bàbá wa ní Òmù-Àrán ti ń jẹ. Bíríkìlà ní ká fi síménẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ṣé ká rẹ́ ẹ?”

Mo fi ìwé mi sílẹ̀. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́ ẹ. A ṣe é sí ilé bàbá tiwa. Páànù jò, omi wọ orí ògiri, síménẹ́ǹtì ò jẹ́ kó rí ọ̀nà jáde. Lóde, ó ń dán bíi tuntun. Mo fi ọwọ́ gbá a, ó dún bí igbá òfìfo. Kí òjò ọdún kejì tó dá, pálọ̀ bàbá mi ti wó lulẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ kọ́kọ́ tún òrùlé ṣe, kí páànù yọ kọjá ògiri dáadáa. Ẹ la ọ̀nà fún omi ní ẹsẹ̀ ilé. Ibi tó bá jẹ, amọ̀ ni kí ẹ fi dí i, kí wọ́n po koríko mọ́ ọn, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kó sùn mọ́jú, kí wọ́n tún un tẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan bi mí lẹ́yìn: “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣì mọ amọ̀ mọ?” Bí a ṣe pa ọ̀rọ̀ Sukur tì nìyẹn. A gba bírò, oníkálùkù ń pe ará ilé lórí fóònù, à ń wá orúkọ àwọn tó ṣì lè mọ ilé amọ̀ ní gbogbo Ìgbómìnà. Mẹ́ta la rí kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó wá ti gbọ̀ngàn.