Ta ló buwọ́ lù ú? Ọ̀rọ̀ tí mo sọ l'Ógbómọ̀ṣọ́ nípa Spooner

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dá àjọ, ẹ jọ̀ọ́, ṣé alájọ kan lè dédé wọlé yín kó ní kẹ́ ẹ máa sanwó torí pé bàbá bàbá yín ti dá a rí? Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ̀ pé òkú Amẹ́ríkà kan ni mo fẹ́ jí dìde.

Lysander Spooner lorúkọ bàbá yẹn. Massachusetts ni wọ́n ti bí i ní 1808, lóyà ni, ìwé pẹlẹbẹ ló máa ń kọ, orí ẹ̀ sì le bí òkúta. Òfin ìgbà yẹn ní kẹ́ni tó lọ yunifásítì kọ́ṣẹ́ lóyà fọ́dún 3, kẹ́ni tí ò lọ ṣe 5. Spooner ò lọ, ó ṣe 3, ó ṣí ọ́fíìsì ẹ̀, ó wá ń pariwo pé ṣe ni wọ́n ń tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tálákà, ní 1836 wọ́n fagi lé òfin ọ̀hún.

Ti lẹ́tà ló dùn mọ́ mi jù. Ní 1844 ìjọba ń gba sẹ́ǹtì 18 lé díẹ̀ lórí lẹ́tà kan láti Boston dé New York, Spooner bá dá ilé-iṣẹ́ lẹ́tà tiẹ̀ sílẹ̀, ó ń gba 6 lé díẹ̀. Ṣé wọ́n á gbà? Wọ́n mú àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀, nígbà tó di 1845 wọ́n ṣòfin tó ti ilé-iṣẹ́ ẹ̀ pa, àmọ́ àwọn náà já owó lẹ́tà wálẹ̀ sí sẹ́ǹtì 5.

Ọdún yẹn kan náà ló gbé ìwé jáde pé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ ò fàyè gba ìkónilẹ́rú, ó wà lára ohun tó yí Frederick Douglass lọ́kàn padà, ẹni tó ti ṣẹrú rí. Ọdún yẹn náà làwọn Onítẹ̀bọmi gúúsù Amẹ́ríkà ya kúrò lára ti àríwá torí ọ̀rọ̀ ẹrú, àwọn gúúsù yìí náà ló wá rán Bowen, míṣọ́nnárì tó wá tẹ̀dó sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Kò sẹ́ni tí ò mọ Bowen níbẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi gbàgbé Spooner? Lójú tèmi, kò rẹ́gbẹ́ tó gbà á tán. Ó fẹ́ kí wọ́n ran ẹrú lọ́wọ́ láti dìde sólówó wọn, síbẹ̀ nígbà tí gúúsù fẹ́ ya kúrò lára Amẹ́ríkà, tógun abẹ́lé dé, ó ní àríwá ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìbọn mú gúúsù dúró. Ta ni máa gbé irú ẹ̀ gẹ̀gẹ̀? Ìwé pẹlẹbẹ tó kọ ní 1875 tiẹ̀ jáde nínú ìwé ẹlòmíì láìsí orúkọ ẹ̀, 1977 ni wọ́n tó tún un tẹ̀ lórúkọ ẹ̀.

Ìwé pẹlẹbẹ ẹ̀ ti 1870 ni kẹ́ ẹ wá kà o. Ó ní ìwé òfin ilẹ̀ ò lè de ẹnikẹ́ni, bíi ti àjọ bàbá bàbá yín yẹn, torí ta ló buwọ́ lù ú? Ìbò ńkọ́? Ó ní ẹlòmíì ń dìbò kí ẹlòmíì má baà fi tiẹ̀ jẹ ẹ́ níyà ni. Tiwa ti 1999 náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "àwa ènìyàn", bẹ́ẹ̀ díkírì ológun ló gbé e jáde. Èmi ò bá a dé ìparí o, mo ṣì fẹ́ kẹ́nì kan máa tún títì ṣe, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kànga, jẹnẹrétọ̀ àti ọdẹ, àwa fúnra wa là ń sanwó ẹ̀.

Ìyá ọlọ́jà kan wá dìde, wọ́n ní ṣé káwọn má san owó tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ nìyẹn? Mo ní ìyá mi, Spooner á ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ò tíì ka Spooner.