Jíà Ọ̀tọmátíìkì Tó Ń Yọ̀: Ẹ Wo Gééjì Kí Ẹ Tó Ra Jíà

Ṣé fóònù ti ń ká a? Ó dáa. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Adó-Èkìtì la wà. Ìbéèrè yìí ni ẹ fi ń dà mí láàmú láti ìgbà tí mo ti ṣe fídíò bírékì: "Ọ̀gá, mo ń tẹ àsẹ́lérétọ̀, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ." Jíà ń yọ̀ nìyẹn.

Toyota Kámúrì 2003 lèyí, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy. Tíṣà kan láti Ìyìn ló ni ín. Wọ́n ti sọ fún un níbì kan pé kó lọ ra jíà tòkunbọ̀. Owó ló ń wá kiri kó tó yà síbí.

A ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èyí, gééjì ẹ́ńjìnnì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó. Èyí, gééjì jíà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ ẹni tó da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú jíà.

Ẹ kọ́kọ́ wà á títí tó fi gbóná dáadáa, kí ẹ wá páàkì sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. L'Èkìtì wa níbí, ilẹ̀ tó tẹ́jú gan-an ni iṣẹ́! Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ fa hánbíréèkì, ẹ tẹ bírékì mọ́lẹ̀, kí ẹ gbé jíà láti P lọ sí R, N, D, títí dé L, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dá a padà sí P. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́ o. Ẹ yọ gééjì, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ ibẹ̀ dé ìdí, ẹ tún yọ ọ́. Àárín àmì HOT ni ọ́ìlì gbọdọ̀ dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Honda àtijọ́, ẹ dúró ná. Tiyín yàtọ̀. Tó bá ti gbóná, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wò ó láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ẹni tó bá fi ọgbọ́n Toyota wo Honda, irọ́ ni gééjì máa pa fún un.

Ó yá, tíṣù mi dà? Funfun ni mo ní kí o mú wá, kì í ṣe èyí tó o fi nu ọwọ́! Ẹ kán ọ́ìlì sórí tíṣù. Ọwọ́ mi yìí ti ṣí jíà kọjá kíkà, síbẹ̀ tíṣù ni mo kọ́kọ́ máa ń bi léèrè. Tó bá pupa, kò burú. Tó bá ṣe búráùn bí omi kòkó, ó ti gbó. Tó bá dúdú, tó ń rùn bí àsáró tó jóná nídìí ìkòkò, àwọn pépà kíláàṣì (clutch) inú jíà, àwọn tó ń di ara wọn mú kí ọkọ̀ tó lè lọ, ti ń jó. Agbára ọ́ìlì ló ń tẹ àwọn pépà yẹn pọ̀. Tí ọ́ìlì bá dín, wọn ò ní di ara wọn mú, wọ́n á máa yọ̀, wọ́n á máa gbóná, wọ́n á sì jẹ. Tó bá wá rí bíi yọ́gọ́ọ̀tì, omi rédíétọ̀ ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má wà á mọ́.

Ẹ wo ti tíṣà. Omi kòkó ni, kò rùn. Ṣùgbọ́n gééjì gbẹ! Ọ́ìlì lọ síbo? Gbé iná wá. Ẹ wo ọ́ọ̀sì tó ń gbé ọ́ìlì jíà lọ sí rédíétọ̀, ó tutù rinrin. Ẹni tó pààrọ̀ rédíétọ̀ lóṣù tó kọjá kò fún kílíìpù rẹ̀. Kílíìpù lásán ni wọ́n fẹ́ fi ta odidi jíà fún èèyàn!

A ti fún kílíìpù náà le. T-IV, ọ́ìlì jíà Toyota, là ń dà sí i, ààbọ̀ lítà, ẹ tún wo gééjì, ẹ tún dà. Tó bá kún jù, wàhálà míì ni. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo ọ́ìlì pupa ni ọ́ìlì jíà yín! Ẹ ka ìwé ọkọ̀. Ẹni tó ń sọ lábẹ́ fídíò tó kọjá pé "ọ́ìlì ni ọ́ìlì", ṣé gbogbo ìyẹ̀fun ló ń di iyán?

Tí ọ́ìlì bá pé, tó sì mọ́, tó ṣì ń yọ̀, ẹ fi síkánà sí i, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe ọkọ̀. Kóòdù P0730 ń sọ pé jíà kò wọlé bó ṣe yẹ. P0750 àtàwọn ẹbí rẹ̀, ẹ wo solenoid, fáàfù oníná tó ń darí ọ́ìlì inú jíà, àti wáyà rẹ̀ kí ẹ tó sọ jíà kalẹ̀. Ìyẹn á ní fídíò tirẹ̀.

A ti wà á dé ọ̀nà Ìyìn, a padà. Ó bọ́ sí jíà kẹta láìké. R, ìyẹn ríbáàsì, ṣì ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbà á, mi ò ní purọ́ fún yín; pépà ti jẹ díẹ̀. Mo ti ní kí tíṣà má gbé e gun òkè Ẹ̀fọ̀n o, kó mú un wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ká tún wo gééjì. Òun ló ń bọ̀ yẹn. Pa fóònù, jẹ́ ká gba owó wa.