Wáàsí Jímọ̀: Ṣé Wàá Fẹ́ Ẹ fún Ìyá Rẹ?

Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kó máa bá Ànábì wa. Ẹ jẹ́ ká tètè bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

Ohùn kan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí Wasáàpù ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí lọ́sẹ̀ yìí: kí ìjọba fọwọ́ sí iṣẹ́ aṣẹ́wó, kó máa gba owó orí lórí rẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má sì mú ẹ̀sìn wọnú òfin. Àwọn tá a jọ ń dúró ní sàfú ló ń kọ "òótọ́ ni" sábẹ́ rẹ̀!

Ẹnìkan ti tọrọ àyè yìí rí. Abu Umamah, ọ̀kan lára àwọn sàhábé Ànábì, ló gbà á wá, ó wà nínú Musnad Ahmad, ìwé àkójọ hadiisi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá Ànábì, ó ní: "Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ẹ yọ̀ǹda sìná fún mi." Gbogbo ìjókòó jágbe mọ́ ọn. Ànábì ní kó sún mọ́ òun. Ó sún mọ́ ọn, ó jókòó.

"Ṣé wàá fẹ́ ẹ fún ìyá rẹ?"

"Rárá, mo fi Ọlọ́hun búra."

"Àwọn èèyàn náà ò fẹ́ ẹ fún ìyá wọn."

Ọmọ rẹ obìnrin ńkọ́? Arábìnrin rẹ? Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lóbìnrin? Ti ìyá rẹ? Ó ń bi í lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà ń fèsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ló bá gbé ọwọ́ lé e, ó ní: "Ọlọ́hun, forí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í, fọ ọkàn rẹ̀ mọ́, ṣọ́ ojú ara rẹ̀." Kò nà án, kò lé e. Ọmọ náà ò sì yíjú síbẹ̀ mọ́.

Ìwọ tó o ní kí ìjọba fọwọ́ sí i, àbúrò rẹ wo ni kó lọ gba ìwé àṣẹ?

Bí òwò náà ṣe ń rí nìyí. Wọ́n á ní iṣẹ́ ilé oúnjẹ lọmọ ń bọ̀ wá ṣe. Ó débẹ̀ tán, wọ́n ka gbèsè sí i lọ́rùn: owó ọkọ̀, owó aṣọ. Owó yàrá ń gun orí rẹ̀ lójoojúmọ́, ara rẹ̀ yá o, kò yá o. Ìwé àṣẹ wo ló máa pa gbèsè yẹn rẹ́? Jámánì sọ ọ́ di iṣẹ́ lọ́dún 2002. Nígbà tó di 2017, wọ́n tún ní láti ṣòfin mìíràn láti dáàbò bo àwọn obìnrin náà. Ní Sweden, láti 1999, ẹni tó rà lòfin ń mú. Níbí, ọmọbìnrin ni wọ́n ń tì sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, oníbàárà á rọra wa mọ́tò rẹ̀ lọ sílé, á ṣe àlùwàlá.

Baba onílé, ìwọ náà gbọ́. Ànábì ka owó aṣẹ́wó mọ́ owó èèwọ̀, ó wà nínú ìwé hadiisi Bukhari àti ti Muslim. O mọ ohun tí wọ́n ń fi yàrá rẹ ṣe, o ń gba owó rẹ̀, o sì fi ra àgbò Iléyá. Ta lò ń tàn?

Ní ti ẹni tí wọ́n fi tipá mú, Suuratu Nuur 24:33 ní Ọlọ́hun jẹ́ Aláforíjìn, Aláàánú fún un lẹ́yìn ìfipámúni náà. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pín sàká, tálákà ló ṣáájú nínú Suuratu Taobah 9:60. Ẹ wá ẹyọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan rí lóṣù yìí. Owó yàrá oṣù mẹ́ta, ẹ̀rọ ìránṣọ, owó ìkọ́ṣẹ́, kí ìyá àgbà kan sì máa bẹ̀ ẹ́ wò. Bí mádàámù tó ń kó wọn ṣòwò bá wá béèrè gbèsè, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀, NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ni kẹ́ ẹ pè. Ẹ má dárúkọ ọmọ náà lórí mínbárì. Ẹ má yà á ní fọ́tò.