Ẹni Tó Lọ Wòran Níbi Ìpàtẹ Ló Jèrè Jù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà ahunṣọ Ìlọrin, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ Pólì. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí ìpàtẹ ọjà àgbáyé, níbi tí oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti ń kó iṣẹ́ wọn wá kí aráyé wò ó, ṣe fún ilé-iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́. Bí mo ṣe ka ìtàn rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó gba ẹ̀bùn ló ń jèrè jù níbẹ̀. Ẹni tó lọ wòran, tó padà sílé lọ kọ́ ọmọ níṣẹ́ ni.

Lọ́dún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ilé onídígí ràgàjì kan sí Hyde Park ní Lọ́ńdọ̀nù láti fi ṣe irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wọ ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 6 láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá. Nígbà tí wọ́n ṣírò tán, nǹkan bíi £186,000 ló ṣẹ́kù. Wọn ò pín in jẹ. Ilẹ̀ ni wọ́n fi rà ní South Kensington, níbi tí Imperial College àti àwọn mùsíọ́mù ńlá wà lónìí.

Síbẹ̀, ìyìn máa ń kunni lóorun. Lọ́dún 1867, Lyon Playfair, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà lára àwọn adájọ́ níbi ìpàtẹ Paris, kọ lẹ́tà sí Lord Taunton, alága ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń rẹ̀yìn. Ìdí tó rí ni pé Faransé, Prussia, Austria, Belgium àti Switzerland ti ń fi ilé-ẹ̀kọ́ tọ́ àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wọn. England ò ní irú rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́. Ọdún 1878 ni City and Guilds, àjọ tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́-ọwọ́, dé (ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó ìdánwò rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín!), ọdún 1889 ni òfin ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ jáde. Ti Jámánì tilẹ̀ korò jù bẹ́ẹ̀ lọ: Franz Reuleaux, ẹnjiníà ọmọ Jámánì, kọ̀wé sílé láti ibi ìpàtẹ Philadelphia ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1876 pé ọjà tiwọn pọ́ọ́kú, kò sì dára. Inú bí wọn sí i, ṣùgbọ́n wọ́n tún iṣẹ́ wọn ṣe.

Èyí tó kan ahunṣọ gan-an ni ti Japan. Àwọn ahunṣọ Nishijin ní Kyoto ò rọ́wọ́ mú mọ́ nígbà tí ààfin ọba kúrò níbẹ̀ lọ sí Tokyo. Lọ́dún 1872, ìjọba Kyoto rán ahunṣọ mẹ́ta lọ kọ́ṣẹ́ ní Lyon, ìlú àwọn ahunṣọ sílíìkì ní ilẹ̀ Faransé. Lọ́dún kejì, ìjọba Japan kó ọjà lọ sí ìpàtẹ Vienna, ó sì fi àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn pé kí wọ́n kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó máa bọ̀. Ohun tí àwọn ti Nishijin gbé bọ̀ ni òfì Jacquard, èyí tí páálí tí wọ́n lu ihò sí ń sọ òwú tó máa gbéra fún. Nígbà tó di 1877, Araki Kohei, tó ń ṣe òfì ní Nishijin, ti fi igi ṣe irú rẹ̀ nílé.

Àwa náà dé ìpàtẹ o. Ní Wembley, lọ́dún 1924, wọ́n mọ odi ìlú kan fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n kó àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ wa sínú rẹ̀ kí òyìnbó máa wò wọ́n. Àwa ni ìran. Inú mi ò tíì dùn sí i dòní. Lóde òní ńkọ́? Àwọn aláṣẹ ló ń wọkọ̀ òfuurufú lọ síbi ìpàtẹ, fọ́tò ni wọ́n ń gbé bọ̀. Tèmi ni pé kí ahunṣọ kan àti olùkọ́ Pólì kan jọ lọ, kí wọ́n ra ẹ̀rọ kan bọ̀, kí àwọn ọmọ tú u palẹ̀ ní wọ́kṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n sì tún un tò.

Nígbà tó kan ìbéèrè, bàbá kan dìde: “Bí ẹ̀rọ bá dé, ọwọ́ ta ni yóò máa jẹun?” Mo ní, Bàbá, wọ́n ṣì ń hun aṣọ ní Nishijin títí dòní. Ẹni tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹni tó máa ń gun orí òfì àtijọ́, tó ń fa okùn sókè fún ahunṣọ. Ẹni yẹn pàdánù lóòótọ́, mi ò ní parọ́ fún yín.