Ìmúrasílẹ̀ fún Ìdánwò Ìwé-Àṣẹ: Ọ̀rọ̀ fún Apoògùn Tó Kẹ́kọ̀ọ́ ní Orílẹ̀-Èdè Mìíràn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ oògùn, ohun tí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé-àṣẹ ní orílẹ̀-èdè tí kò ti kẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, ìwé wo ni kí òun kà. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ohun tí àjọ tó ń ṣe ìdánwò náà ń wá. Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣiyèméjì bóyá ẹ kàwé. Ìwé-ẹ̀rí yín ti jẹ́rìí sí ìyẹn kí wọ́n tó gbà yín láyè láti jókòó. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá wọ́n lè fi ẹ̀yin nìkan sílẹ̀ níwájú aláìsàn, lábẹ́ òfin ilẹ̀ wọn, pẹ̀lú ìwọ̀n tí àwọn ń lò àti orúkọ tí àwọn fi ń pe oògùn, kí ẹ má sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ìdí nìyí tí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ fi lè fìdí rẹmi níbi tí ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ti yege: ohun tó ti mọ́ ọn lára ló fi ń dáhùn, dípò ohun tí wọ́n bi í.

Ọ̀nà kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, NABP, ẹgbẹ́ àwọn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìpoògùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1904, ló ń ṣe ìdánwò FPGEE fún àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ mìíràn. Ẹni tó bá yege níbẹ̀, tó sì gba máàkì tó yẹ nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, yóò gba ìwé-ẹ̀rí FPGEC, lẹ́yìn náà ni yóò kan NAPLEX, ìyẹn ìdánwò ìwé-àṣẹ tí àwọn apoògùn ibẹ̀ ń ṣe, àti ìdánwò òfin. Wọ́n tún ní kí ẹni tó bá jáde láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2003 síwájú ti lo ó kéré tán ọdún 5 lórí ẹ̀kọ́ ìpoògùn, nítorí náà ẹ ka ọdún yín kí ẹ tó náwó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ padà sí yunifásítì fún OSPAP, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣètò fún apoògùn tó kẹ́kọ̀ọ́ ní òkèèrè, kí wọ́n ṣe ìkọ́ṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 52, kí wọ́n tó jókòó fún ìdánwò GPhC, àjọ tó ń forúkọ àwọn apoògùn sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìṣirò ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ apoògùn àgbà máa ń fojú di. Nínú ìdánwò GPhC, ìwé kìn-ín-ní jẹ́ ìṣirò nìkan: ìbéèrè 40 ní wákàtí 2, kò sì sí ìdáhùn kankan tí wọ́n tò sílẹ̀ fún yín láti mú, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ nọ́ńbà náà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n lè to ìdáhùn sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìyẹn rọrùn jù.

Ẹ wo obìnrin ẹni ọdún 60 kan, tí ìwọ̀n ara rẹ̀ jẹ́ kílógíráàmù 60, tí creatinine inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń sẹ́ dànù, sì jẹ́ 1.2 mg/dL. Ìlànà Cockcroft-Gault, tí a fi ń díwọ̀n bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, ní kí á yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú 140, kí á fi ìwọ̀n ara rẹ̀ sọ èyí tó kù di púpọ̀, kí á wá pín in pẹ̀lú ohun tí a rí nígbà tí a fi creatinine náà sọ 72 di púpọ̀. Níwọ̀n bó ti jẹ́ obìnrin, a ó tún fi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 47 mL ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó fi hàn pé ó yẹ kí á yẹ ìwọ̀n àwọn oògùn kan wò fún un. Bí ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ níbi tí wọ́n ti ń fi micromole díwọ̀n creatinine bá rí 106, tó sì kó o sínú ìlànà yìí bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ fi 88.4 pín in, kò ní rí ju nǹkan bíi 0.5 lọ, ojú rẹ̀ á sì tètè là, nítorí nọ́ńbà ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dákẹ́ pátápátá ni. Èyí tó léwu ni èyí tó dà bí òótọ́. Bí wọ́n bá kọ ìwọ̀n ara obìnrin kan náà ní pọ́ùn, yóò jẹ́ 132. Ẹni tó bá lò ó bí ẹni pé kílógíráàmù ni yóò rí nǹkan bíi 104, èyí tí í ṣe nọ́ńbà ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò sí ohun tó máa ta á lólobó. Ó sì dá mi lójú pé 104 yẹn gan-an ni ẹni tó mọ ìbéèrè ìdánwò kọ dáadáa yóò tò mọ́ àwọn ìdáhùn. Nítorí náà, ẹ máa ṣe ìṣirò lójoojúmọ́, ẹ má kọ nọ́ńbà kankan láìkọ ìwọ̀n tó bá a rìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín lẹ́yìn gbogbo ìdáhùn bóyá ènìyàn tí a ṣàpèjúwe yẹn lè ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ oògùn kò gba àkókò púpọ̀. Paracetamol ni acetaminophen ní Amẹ́ríkà, salbutamol ni albuterol, glibenclamide sì ni glyburide. Ẹ kọ wọ́n jọ, ẹ há wọn sórí, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ìlànà ìtọ́jú ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ní 2017, àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà sọ pé láti 130/80 ni a ti lè pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru, nígbà tó jẹ́ pé 140/90 ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn ń lò. Aláìsàn kan náà lè nílò ìtọ́jú nínú ìwé kan, kí ó má nílò rẹ̀ nínú òmíràn. Ìwé ilẹ̀ tí ẹ ti ń ṣe ìdánwò ni kí ẹ tẹ̀lé.

Òfin ńkọ́? Níhìn-ín ni àánú ti máa ń mú ènìyàn ṣìnà. Ìbéèrè lè sọ pé aláìsàn tí ẹ mọ̀ dáadáa wà nínú ìrora, ilẹ̀ ti ṣú, oògùn ìrora tó lágbára tó ń lò sì ti tán. Lábẹ́ òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà, a kò gbọ́dọ̀ tún oògùn ìsọ̀rí kejì, ìyẹn àwọn tó lè di bárakú jù nínú àwọn tí dókítà lè kọ, fún ẹnikẹ́ni lórí ìwé dókítà kan náà lẹ́yìn tí a bá ti fún un tán. Ti ìsọ̀rí kẹta àti ìkẹrin kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín oṣù 6. Bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì bá dé, dókítà lè pàṣẹ oògùn ìsọ̀rí kejì lórí fóònù, kí apoògùn fún aláìsàn ní ìwọ̀nba tó máa gbé e la àkókò pàjáwìrì náà kọjá, kí ìwé dókítà sì tẹ̀lé e láàárín ọjọ́ 7. Láìsí àṣẹ dókítà, kò sí oògùn. Ẹni tó wá láti ibi tí apoògùn ti ń lo òye ara rẹ̀ yóò rí èyí bí ìwà àìláàánú, mo sì gbà pé ó le, ṣùgbọ́n bí òfin ṣe rí ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbi tí ìdánwò bá ti jẹ́ ojúkojú, bíi ti àjọ PEBC ní Kánádà, ẹni tí wọ́n gbà láti ṣe bí aláìsàn ni ẹ máa bá sọ̀rọ̀. Ìṣòro àwọn tiwa níbẹ̀ ni pé a máa ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ kí á tó béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni náà lè ní oyún, ó lè máa lo oògùn mìíràn, ara rẹ̀ lè kọ penicillin, kò sì ní sọ ọ́ àyàfi tí ẹ bá bi í. Ẹ wá ẹnìkan tí kì í ṣe apoògùn, kí ẹ máa bá a ṣe é, kí ẹ sì ní kó sọ ohun tí ẹ sọ padà fún yín.

Àwọn kan máa ń ta ìbéèrè tí wọ́n ní ó wá láti inú ìdánwò gan-an. Ẹ jìnnà sí i. Ní 2007, NABP dá NAPLEX dúró fún ìgbà díẹ̀ nítorí pé àwọn ìbéèrè rẹ̀ ti tú síta, àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló sì dúró láìlè ṣe ìdánwò.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ẹnìkan bi mí bóyá kí òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti kàwé. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti olùrànlọ́wọ́ nínú ilé oògùn, èmi kò ní gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti gbọ́ orúkọ oògùn lójoojúmọ́, tí yóò sì rí òfin lẹ́nu iṣẹ́. Ẹlòmíràn béèrè ìgbà tó yẹ kí òun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìwé. Kí ó bẹ̀rẹ̀ kó tó ṣí ìwé kíkà rárá: ilé-ìwé tó ti jáde ló sábà máa ń fi èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ tààrà, èyí sì lè gba oṣù púpọ̀. Kí ó tún rí i pé orúkọ tó wà lórí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá èyí tó fi forúkọ sílẹ̀ mu, pàápàá bí ó bá ti yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó, nítorí wọ́n lè dá a padà lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ ìdánwò.