Òjò dídì tó ń tu ilé lára

Ẹ wo ìyá tó ń ta omi tútù nítòsí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, ní Benin níbí. Àpò ìdọ̀họ ló fi wé yìnyín rẹ̀ pinpin. Kì í ṣe pé òtútù ń mú yìnyín o! Ooru ni ìyá ò fẹ́ kó ráyè wọlé.

Ọgbọ́n yẹn náà ni wọ́n fi ń tu ilé ìwòsàn ńlá kan lára ní Sundsvall, lórílẹ̀-èdè Sweden, láti ọdún 2000. Nígbà òtútù, wọ́n á kó òjò dídì jọ sínú kòtò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, wọ́n á da èérún igi bò ó. Ooru á dé, á ṣì bá a níbẹ̀. Omi tó ń yọ́ lára rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń fà gba inú páìpù. Páìpù yìí á fara kan páìpù ilé ìwòsàn, omi méjèèjì ò ní pàdé. Omi kòtò á kàn gba ooru ilé sára, á padà lọ yọ́ òmíràn.

Yíyọ́ yẹn gan-an ni agbára yìnyín. Ooru tí kílò kan ń jẹ kó tó yọ́ tán lè mú kílò omi kan láti òdo dé 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ta ló máa ki ọwọ́ bọ ìyẹn?

Ẹ ti ń ronú láti gbé abọ́ yìnyín síwájú fáànù, àbí? Kílò 10 tó bá yọ́ tán kò ju iṣẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ fún ẹ̀rọ amúlétutù kékeré. Tí fírísà bá wá wà nínú yàrá yẹn náà, òfò ni: ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ooru tó fà jáde lára omi ló ń tú síta níbẹ̀.

Òjò dídì kì í rọ̀ ní Kétu, ṣùgbọ́n oòrùn wa kò wọ́n. Ẹni tó ní sólà lè fi iná ọ̀sán gangan sọ omi di yìnyín nínú táǹkì tí a wé dáadáa, kó máa yọ́ ọ lò lálẹ́, nígbà tí yàrá ṣì gbóná bí ààrò.

Wíwé yẹn ni kí ẹ má fi ṣeré. Ní 1833, ọkọ̀ ojú omi kan kó yìnyín láti Boston ní Amẹ́ríkà dé Calcutta ní Íńdíà. Ọ̀pọ̀ oṣù ló lò lójú omi, síbẹ̀ èyí tó ju ìdajì lọ ò yọ́. Lẹ́búlẹ́bú pákó wà lára ohun tí àwọn oníṣòwò yìnyín ayé ìgbà yẹn máa ń fi wé e, irú èyí tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbá dànù.